Láti Sábó Dé Sábó: Bí Obìnrin Ṣe Lè Tọ́ Ọtí Wò Lẹ́nu Ìrìn Àjò

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìgò bíà mẹ́ta ni mo mu ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo sùn sí Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, nítorí mo fẹ́ mọ èyí tó dára jù nínú wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí ń fọ́ mi, mi ò sì lè sọ bí ìkíní ṣe yàtọ̀ sí ìkẹta. Mi ò rántí ojú ìyá tó tà á fún mi. Mi ò rántí ohun tí mo jẹ. Owó lọ, alẹ́ lọ, ọwọ́ mi ṣófo.

Ní báyìí tí iṣẹ́ ti ń gbé ìwọ náà gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí o sì bi mí léèrè ibi tí ọtí ti dùn, ohun tí mo ti kọ́ láti ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọtí, kó kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá: ọkà tí wọ́n fi pọn ọ́n, ọwọ́ tó gbé e kalẹ̀, àti ìlú tó ń mu ún. Bí o bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìgò kan á tó ọ fún alẹ́ kan, wàá sì máa rántí ìgò náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Kùnú ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, ní Sábó

Sábó wà ní Ọ̀yọ́, Sábó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá mìíràn. “Sabon gari” ni àwọn Haúsá ń pè é, ìyẹn ìlú tuntun; àwa la gé e kúrú. Àwọn oníṣòwò tó ti Òkè Ọya wá ló tẹ̀dó síbẹ̀, àwọn tó ń ra obì lọ sílé, tí wọ́n sì ń da màlúù bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ti Ìbàdàn ti wà láti 1916. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Sábó gbọ́ Yorùbá bí èmi àti ìwọ, nítorí náà “ẹ káàárọ̀” rẹ kò ní ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí o bá fi “ina kwana” kún un, wàá rí i bí ìyá oníkùnú yóò ṣe túra ká fún ọ.

Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọn kì í sì í mu ọtí. Má gbé ìgò bíà wọ àárín wọn, má sì jókòó mu ún sẹ́nu ọ̀nà wọn, pàápàá lọ́jọ́ Jímọ̀ àti nínú oṣù Ramadan. Ẹni tó ni àgbàlá ló ni òfin ibẹ̀.

Kùnú ni kí o rà. Jéró tàbí ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á rẹ ọkà náà sómi, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ atalẹ̀ àti kànáfùrù, wọ́n á fi omi gbígbóná po èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n á da ìyókù tí kò jinná sí i, wọ́n á jẹ́ kó sùn mọ́jú, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Bí ti ọkà bàbà bá wà, òun ni kí o béèrè. Mú un sẹ́nu, má tètè gbé e mì. Atalẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ta ọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni adùn kan máa ń yọ, adùn tó jinlẹ̀ tí kò jọ ti ṣúgà, pẹ̀lú ìkan díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n. Ọkà bàbà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Fi í sọ́kàn, nítorí òun ni wàá máa wá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ti òní ni kí o rà, lọ́wọ́ ẹni tí ìgò rẹ̀ mọ́. Kùnú tó bá ti ń ti ìdérí sókè ti pẹ́ jù. Bí ebi bá ń pa ọ́, ra fúrá tí wọ́n fọ́ sínú wàrà, kí o jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Inú tó ti rí oúnjẹ láàárọ̀ kò ní ṣe ọ́ níṣekúṣe lálẹ́.

Tẹ̀ lé ọkà náà dé inú igbá

Ọkà bàbà tó di kùnú láàárọ̀ lè di ọtí bí wọ́n bá jẹ́ kó hù. Ibẹ̀ ni ìpọntí ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ nínú ìkòkò amọ̀, ì báà jẹ́ nínú àgbá irin tó ga ju ilé lọ. Wọ́n á rẹ ọkà sómi, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ewé, wọ́n á máa wọ́n omi sí i fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún títí yóò fi yọ ọmọ. Híhù yìí ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun inú ọkà lè yí padà di adùn. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó máa hó fúnra rẹ̀. Adùn yẹn ló ń di ọtí.

Èyí tó ki, tó sì kan, ni burukutu. Wọ́n máa ń po gàárì mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n sẹ́ tó fúyẹ́ ni pítò. Ọtí ọkà bàbà ni àwọn àgbà tiwa ń pè é, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sì ni ti àgbàdo. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ ìpọntí yìí wà jù, láti ìgbà tí bíà inú ìgò kò tíì dé ilẹ̀ yìí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ọtí kò kan obìnrin.

Bí o bá fẹ́ tọ́ burukutu wò ní agbègbè wa, lọ́dọ̀ àwọn Tiv àti Àgátú tó ń wá ṣiṣẹ́ oko ni kí o ti béèrè. Bi ìyá tó pọn ọ́n pé ó ti di ọjọ́ kelòó. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná ṣì ń dùn. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀, ìkan á bo adùn, agbára rẹ̀ á sì lé sí i. Má ka ojú rẹ̀ tó rú sí àìmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rí. Ohun tó yẹ kí o wò ni omi tí wọ́n fi ń fọ igbá.

Tó bá sì di ti igbá, Ọ̀yọ́ lo wà, ìlú àwọn onígbá fínfín. Ra kékeré kan, kí o máa gbé e sínú àpò rẹ. Òórùn ike máa ń ba òórùn ọtí jẹ́. Igbá kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ní tèmi, mi ò bá ẹnikẹ́ni lo ife pọ̀ mọ́, gbogbo ibi tí mo bá sì yọ ọ́ síta ni wọ́n ti ń bi mí nípa ọnà ara rẹ̀. Igbá yẹn ti bá mi ṣí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ju ẹnu mi lọ.

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo rìn dé Parakou ní ilẹ̀ Benin, wọ́n bu ọtí kan fún mi nínú igbá, wọ́n ní tchoukoutou ni. Mo mú un sẹ́nu, mo dákẹ́. Adùn tí mo ti mọ̀ ní Sábó ni, ọkà bàbà kan náà. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ yí mi ká, mi ò gbọ́ ọ, síbẹ̀ ó ṣe mí bíi pé mo ti dé ilé ìbátan.

Ẹmu náà ń bẹ o, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ni ìyẹn ti wá, ó kúrò nínú ìdílé ọkà. Bí o bá pàdé adẹ́mu, ti àárọ̀ ló dùn. Ti ìrọ̀lẹ́ ti kan, ó sì ti lágbára ju bí ẹnu rẹ yóò ṣe sọ fún ọ lọ.

Èyí tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má fọwọ́ kàn ni ògógóró tí o kò mọ ẹni tó sè é, àti páráaga inú gáréèjì. Ní 2015, ògógóró tí májèlé methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Kò sí ahọ́n tó lè dá methanol mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí. Ojú inú ni kí o fi yẹra fún un.

Nígbà tí ọkà náà bá wọ inú ìgò

Ìrọ̀lẹ́ ti dé, àbúrò mi. Jẹ́ ká wá sórí bíà.

Star ni wọ́n kọ́kọ́ pọn ní Nàìjíríà, ní Èkó, ní 1949. Guinness bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962. Gulder jáde ní 1970. Ilé ìpọntí Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí ní 1978, Trophy sì ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ilé-iṣẹ́ tó ni Star ti ń pọntí ní Ìbàdàn láti 1982, nítorí náà ìgò tí wọ́n bá ṣí fún ọ ní Ọ̀yọ́ lè má rin ọ̀nà tó jìn kó tó dé ọwọ́ rẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìgò náà ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Bálì, ọkà ilẹ̀ òtútù, ni wọ́n ń kó wọlé láti fi pọn bíà tẹ́lẹ̀. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó bálì náà wọlé. Àwọn apọntí ní láti wá ohun tí wọn yóò lò nílé, wọ́n sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Òfin yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, síbẹ̀ ọkà bàbà kò jáde nínú àgbá wọn mọ́. Ohun tí àwọn obìnrin ti ń fi pọntí láti ayébáyé náà ni àwọn ẹ̀rọ ńlá wá ń fi pọn ọ́n. Nítorí náà, bí o bá mu bíà lálẹ́, wá adùn tí o gbà lọ́wọ́ ìyá oníkùnú láàárọ̀. Ó wà níbẹ̀, lábẹ́ ìkorò.

Ìkorò yẹn wá láti ara ewéko kan tí wọ́n ń pè ní hops, tó ń ti òkè òkun wá. Burukutu kò ní in, ìdí nìyẹn tí òun fi ń kan tí bíà sì ń korò. Dúdú tó wà lára Guinness wá láti ara ọkà tí wọ́n yan títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó, bí ẹ̀pà tó pẹ́ lórí iná. Agbára wọn kò sì dọ́gba: bíà funfun máa ń wà ní bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún, Guinness tí wọ́n ń pọn fún wa níhìn-ín jẹ́ 7.5. Èyí tí wọ́n ń fà láti inú ẹ̀rọ ní Ireland àti ní London kò ju 4 àti díẹ̀ lọ. Ìdí rèé tí àwọn ènìyàn wa ní Peckham fi ń wá èyí tí wọ́n pọn ní Nàìjíríà kiri.

Bí o bá fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn, má dá ìgò mẹ́ta mu bíi tèmi. Wá ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ra ìgò méjì péré, ẹ bu díẹ̀díẹ̀ sí gíláàsì. Ẹ rí i pé bí ọ̀kan ṣe tutù ni ìkejì ṣe tutù, nítorí òtútù máa ń fi àléébù bíà pa mọ́. Èyí tó bá tutù bí yìnyín, kò sí adùn tí ahọ́n lè rí nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí tó fúyẹ́ ṣáájú, kí èyí tó dúdú tẹ̀ lé e. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó mu ún. Ẹ fi omi ṣan ẹnu láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi ara yín: èwo ni ìkorò rẹ̀ pẹ́ lẹ́nu? Èwo ni ọkà rẹ̀ hàn? Èwo ló bá ata mu? Wàá rí i pé èyí tí o ti ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá lè má jẹ́ èyí tí ẹnu rẹ fẹ́ gan-an.

Yan ìjókòó kí o tó yan ọtí

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kí o tó jókòó sílé ọtí nílùú tí kì í ṣe tìrẹ, kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ojúmọmọ. Wo àwọn tó wà níbẹ̀. Ibi tí àwọn bàbá ti ń ta ayò, tí obìnrin méjì tàbí mẹ́ta náà jókòó tí ara sì rọ̀ wọ́n, ibi rere ni. Ibi tí ìyá ọlọ́tí fúnra rẹ̀ ti ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ ló dára jù fún obìnrin, nítorí yóò máa fi ojú sí ọ lára láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́. Kí i kí o tó béèrè ohunkóhun. “Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà, ẹ kú ọjà o.” Bí àgbàlagbà bá wà nítòsí, kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn. O wá ṣe fàájì, o kò bọ́ ẹ̀kọ́ ilé sílẹ̀.

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò jọra lójú mi. Ní Ọ̀yọ́, ara mi máa ń balẹ̀. Àwọn àgbà máa ń mu tiwọn jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ ìtàn sì máa ń gùn lẹ́nu wọn. Tẹ́tí sílẹ̀ níbẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tí o bá wà ló máa sọ irú alẹ́ tí wàá rí. Ní apá Under G, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ló ni òru, orin á ga, ọ̀dọ́ á pọ̀. Níbòmíràn, ilé onígbàgbọ́ lo máa bá. Ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1898 ni. Bí ẹbí kan bá gbà ọ́ lálejò níbẹ̀, fi ọtí sílé ọtí, má gbé e wọlé wọn. Ibi tí ariwo bá pọ̀ ju kí o gbọ́ ohùn ara rẹ lọ, ahọ́n rẹ pàápàá kò ní gbọ́ ohun tó ń mu.

Sùyà ni kí o fi pàdé bíà. Yájì, èròjà ẹ̀pà àti ata tí wọ́n fi ń kùn ún lára, máa ń jí adùn ọkà dìde lẹ́nu. Bí mẹsúyà bá wà níwájú ilé ọtí náà, ó dára. Bí kò bá sí, ra á ní Sábó, kí o gbé sùyà lọ sídìí bíà. Má gbé bíà wá sídìí sùyà.

Ìṣojú rẹ ni kí wọ́n ti ṣí ìgò rẹ. Gbọ́ ìró ìdérí náà. Bí o bá dìde lọ tura, tí kò sí ọ̀rẹ́ tó ń ṣọ́ ìgò náà, má padà sórí èyí tó ṣẹ́kù; ra omi dípò rẹ̀. Béèrè iye owó kí wọ́n tó ṣí i. Bí ẹnìkan tí o kò mọ̀ bá fi ìgò ránṣẹ́ sí ọ, dúpẹ́, kí o sì jẹ́ kó wà ní dídé.

Ara rẹ ni kí o gbọ́ tirẹ̀

Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ràn ìwàásù, ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Omi tó wà lára obìnrin kéré sí ti ọkùnrin, nítorí náà ìgò kan náà yóò tètè mú ọ ju ọkùnrin tó jókòó tì ọ́ lọ, bí ẹ̀yin méjèèjì bá tiẹ̀ wọn ìwọ̀n kan náà. Má bá ọkùnrin kankan ka ìgò. Bí o bá lóyún, tàbí o fura pé oyún ti dé, mọ́ọ̀tì tàbí kùnú ni tìrẹ. Bí o bá ń lo oògùn, pàápàá Flagyl, parí rẹ̀ ná, kí o sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí o tó mutí.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ọ̀nà eré. Tírélà àti ọkọ̀ epo pọ̀ lórí rẹ̀, òkùnkùn ibẹ̀ sì burú. Ìlú tí o bá ti mutí ni kí o sùn sí. Gba yàrá kí o tó gba ìgò. Fi orúkọ ilé ìtura náà ránṣẹ́ sí mi, kí o sì ní nọ́ńbà ọlọ́kadà tàbí oníkẹ̀kẹ́ kan tí ìyá ọlọ́tí mọ̀. Awakọ̀ tó bá ti bá yín mu kò tún lè wa ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ì báà jẹ́ ọkọ rẹ, ì báà jẹ́ ọ̀gá rẹ.

Ìwé kékeré kan

Ra ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò. Gbogbo ibi tí o bá ti tọ́ ọtí wò, kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kọ orúkọ ìlú, ohun tí o mu, ohun tí o jẹ pẹ̀lú rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kan tí o gbọ́ níbẹ̀. Má kọ “ó dùn” nìkan. Kọ bó ṣe dùn: bí ẹ̀pà yíyan, bí èèpo ọsàn, bí ògì tó ti kan. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo rẹ̀. Ìwọ ṣáà wá a kàn.

Mo ṣí tèmi lánàá. Mo rí ojú ewé ti Parakou, mo rí ti Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Benin níbi tí mo ti mu bíà wọn tí wọ́n ń pè ní La Béninoise létí títì, mo rí oríṣiríṣi alẹ́ Ọ̀yọ́. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìgò kan ṣoṣo ni. Mo rántí ojú ẹni tó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi. Alẹ́ ìgò mẹ́ta ti Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ni kò ní ojú ewé, nítorí kò sí ohun tí mo lè kọ.

Nígbà tí o bá tún ń bọ̀, wọ ọkọ̀ àárọ̀. Èmi yóò ti wà ní Sábó Ọ̀yọ́ lọ́dọ̀ ìyá oníkùnú, pẹ̀lú igbá méjì lọ́wọ́. Kùnú la ó kọ́kọ́ mu.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.